ÀDÚRÀ ÀTI GÀRÍ: KÍ NI GBÈSÈ TÍ ÌJỌ JẸ ỌMỌ ÌJỌ NÍ ỌJỌ́ ÌṢÒRO?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

  Àwọn mìíràn ti kọ ìtàn ìjọ sí iwájú ìwé yìí, àwòrán àwọn àgbà wà níbẹ̀, ìkíni àwọn ẹgbẹ́ gbogbo náà sì wà níbẹ̀. Èyí tí a fi lé àwa lọ́wọ́ kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe ìkíni. Ìbéèrè ni. Ó sì ti ń dà wá láàmú láti ọdún 2023 tí owó epo mọ́tò ti fò sókè, tí owó ọkọ̀ láti Ikate sí Ajah tàbí sí Obalende ti di ohun tí ènìyàn ń ṣírò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde nílé.

Ìbéèrè náà nìyí: bí ìṣòro bá dé bá ọmọ ìjọ, kí ni gbèsè tí ìjọ jẹ ẹ́? Ẹ kíyè sí i pé a kò béèrè ohun tí ìjọ lè fi ṣàánú rẹ̀. Àánú, bí ó bá wù ọ́ o ṣe é, bí kò bá wù ọ́ o fi í sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mú ọ. Ṣùgbọ́n gbèsè kò mọ "ó wù mí" tàbí "kò wù mí". Bí o bá jẹ ẹ́, o jẹ ẹ́ náà ni.

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àdúrà ni gbèsè náà. Wọ́n á ní Àlàdúrà ni wá, àdúrà ni iṣẹ́ wa, kí ẹni tí ó bá ń wá owó lọ sí báńkì tàbí kí ó lọ dá èésú. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ méje nítorí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ìyekan wọn. A kò gbọdọ̀ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò jẹun láti àná, tí a ní kí ó kúnlẹ̀ títí di agogo mẹ́ta òru, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń gbàdúrà níbẹ̀? Ikùn rẹ̀ ni.

Bí a bá sì wo ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, a ó rí i pé àwọn tí ó ṣáájú wa kò ya àdúrà nípa kúrò lára ìtọ́jú ènìyàn bí a ti ń yà á nípa lónìí. Àrùn ni ó bí àwa Àlàdúrà, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn influenza wọ Èkó, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti bá ojú irin àti ọ̀nà òwò wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì di títì ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ènìyàn ń sá kúrò ní Èkó, àwọn dókítà kò tó, oògùn wọn kò sì ran àrùn náà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's kan wà tí wọ́n ń pàdé gbàdúrà pọ̀, J. B. Shadare sì ni àgbà wọn. Olùkọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà ti dá òun pàápàá dùbúlẹ̀, sọ pé a fi hàn òun pé kí àwọn ènìyàn máa lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Àwọn ni a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní ọdún 1922 wọ́n kúrò nínú Áńgílíkà, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọdé wà lára ohun tí ó fà á, ara gbòǹgbò wọn sì ni ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí a mọ̀ lónìí ti hù.

Kì í ṣe omi òjò nìkan ni ó wu àwa nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ilé Ọlọ́run tì, kò sí ibòmíràn tí àdúrà lè lọ ju inú ilé àwọn ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá sì gbé omi àdúrà lọ fún aláìsàn ti wọ ilé aláìsàn nìyẹn. Yóò rí i bóyá iná wà lábẹ́ ìkòkò tàbí kò sí. Yóò rí i bóyá àwọn ọmọ ti wẹ̀. Kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọdún 1925 ní Èkó, nígbà tí wọ́n pe Moses Orimolade wá sí ilé tí ọ̀dọ́mọbìnrin Abiodun Akinsowon dùbúlẹ̀ sí, tí ó wà nínú ìran. Inú yàrá aláìsàn ni Kérúbù àti Sẹ́ráfù ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí pẹpẹ.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n rìn jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1947, àwọn ọmọ Kérúbù àti Sẹ́ráfù kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun, kó jọ láti tẹ ìlú tiwọn dó. Ayétòrò ni wọ́n pè é. Ìtàn wọn ṣòro láti gbàgbọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Orí ẹrẹ̀ àti omi ni wọ́n kọ́ ilé lé, wọ́n fi pákó ṣe títì. Ẹni tí ó bá pa ẹja, àpò kan náà ni owó rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó bá hun aṣọ, tí ó bá kan ọkọ̀, tí ó bá ránṣọ, tí ó bá se ọṣẹ, àpò kan náà ni. Kò sí owó oṣù. Ìlú ni ó ń bọ́ ènìyàn, tí ó ń dáṣọ fún un, tí ó ń fún un ní ilé. Zaccheus Okenla ni Ogeloyinbo wọn àkọ́kọ́. Láti inú àpò kan yẹn ni wọ́n ti rí iná mànàmáná tàn ní ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá nílẹ̀ wa ṣì ń tan fìtílà, àwọn òyìnbó sì ń ti òkè òkun wá wò wọ́n. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1960. Lónìí òkun ni ó ń jẹ ìlú náà. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwọn tí ó kù sì ń kígbe sí ìjọba.

Àwa kò rò pé ìjọ Ikate lè ṣe bí Ayétòrò, a kò tilẹ̀ rò pé ó yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, tí onílé ń dúró de owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ bá ní kí ó gbé gbogbo owó oṣù rẹ̀ wá sí iwájú pẹpẹ, ọ̀nà ni yóò bá lọ, ẹ kò sì ní í rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Ayétòrò ìgbà náà tí ó yẹ kí a mú. Opó ibẹ̀ kì í tọrọ. Ó wá gba ohun tí ó tọ́ sí i bí ẹni gba ogún bàbá rẹ̀, ó sì padà sílé láìdorí kodò.

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ẹni tí ó bá dúró ní Ikate yìí, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Maroko wà níbẹ̀ nígbà kan rí. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ti ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà, fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé òkun lè bò ó, pé ibẹ̀ dọ̀tí. Lẹ́yìn ọjọ́ méje katapílà dé pẹ̀lú sójà àti ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn tí a lé kúrò nílé tó nǹkan bí 300,000. Díẹ̀ nínú àwọn onílé rí fúláàtì gbà ní Ilasan àti Ikota, ilé tí wọn kò tíì parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ayálégbé, kò rí nǹkan kan gbà. Ilé alájà púpọ̀ ni ó wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, òkun kò sì tíì bò ó.

Àwọn ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ti ibẹ̀ wá. A bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tí ó rántí. A rò pé ariwo katapílà ni yóò sọ. Ó ní rárá o, èbà ni òun rántí. Ó ní òun àti àwọn ọmọ sùn sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìhà ibí yìí fún ọjọ́ mélòó kan, òjò sì ń rọ̀, nítorí oṣù Keje ni. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tí kò mọ òun rí gbé ìkòkò èbà àti ọbẹ̀ ilá wá, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Ẹ bá wa jẹun, ẹ̀yin ará," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò béèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Kò béèrè bóyá wọ́n ti san owó ẹgbẹ́. Ìyá náà sọ pé òun kò rántí ìwàásù kan ṣoṣo tí òun gbọ́ lọ́dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ yẹn ni ó mú wa dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2020. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Ó di oṣù Kẹjọ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó gbà kí a ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì tún ní kí àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 má wá, kí a má sì ṣe ìṣọ́ òru. (Ìjọ Àlàdúrà láìsí ìṣọ́ òru! Àwọn àgbà wa fi sùúrù gbà á.) Ní ìlú tiwa yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí lónìí ni wọn yóò jẹ lónìí: bíríkìlà, awakọ̀, oníṣòwò ojú títì, onídìrí, àwọn obìnrin tí ń fọ ilé fún àwọn olówó ní Lekki. Ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ kò tíì pé tí ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ìjọ fi owó tí a ti kó jọ fún ìkórè ra gàrí, ìrẹsì àti epo pupa. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò tó kárí. Nígbà náà ni kọmití bi àwa akọ̀wé léèrè pé kí a mú ìwé owó oṣooṣù wá, kí a lè mọ àwọn tí ó ń san owó déédéé, nítorí wọ́n ní àwọn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà. Bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ ní, "Ẹni tí kò gbìn, kí ni yóò kórè?"

Ọ̀rọ̀ bàbá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní ìdí. Bí ẹni tí ó ń sanwó àti ẹni tí kì í sanwó bá ń gba ohun kan náà, ta ni yóò tún máa sanwó? Gbogbo èésú àti àjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, orí bẹ́ẹ̀ ni ó dúró lé: ẹni tí ó bá dá ni ó ń kó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, nítorí àwa ni a ń kọ ọ́. Bí ẹ bá tẹ̀lé orúkọ kan láti oṣù dé oṣù, ẹ ó rí i pé ó ń san owó tirẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ó di ìlàjì. Lẹ́yìn náà oṣù kan ṣófo, ó tún san díẹ̀, oṣù mẹ́ta ṣófo. Bí ẹ bá wádìí, oṣù tí ó kọ́kọ́ ṣófo yẹn ni ibi iṣẹ́ dá a dúró, tàbí ni ọkọ rẹ̀ kú, tàbí ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Àyè tí ó ṣófo nínú ìwé owó kì í sábà jẹ́ ìwé ẹ̀sùn. Ìwé àrùn ni. Ó ń sọ fún wa ẹni tí ebi ti ń pa láti ìgbà tí a kò tíì mọ̀. Bí a bá wá mú ìwé kan náà, tí a fi ń yọ orúkọ àwọn tí kò ní í gbà, àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù gan-an ni a ó máa yọ. Èésú lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má jẹ̀bi, nítorí àdéhùn ni èésú. Ìjọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A kò ní í sọ fún ẹni tí ó ń rì sínú omi pé kí ó kọ́kọ́ san owó ọkọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Júù, nítorí àwọn ló ti ṣe é pẹ́ jù. Sínágọ́gù kan wà ní Fustat, ìyẹn Kaírò àtijọ́ ní Íjíbítì, tí à ń pè ní Ben Ezra. Àṣà wọn ni pé a kì í ju ìwé tí orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀ nù, nítorí náà yàrá kan wà tí wọ́n ń kó ìwé gbígbó sí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń kó o síbẹ̀. Ní ọdún 1896 sí 1897, Solomon Schechter, olùkọ́ kan láti Cambridge, kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí England, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kí ni wọ́n rí? Yàtọ̀ sí ìwé mímọ́, wọ́n rí iṣẹ́ àwọn akọ̀wé ìjọ! Ìwé orúkọ àwọn tí ń gba búrẹ́dì ìjọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, iye búrẹ́dì olúkúlùkù níwájú orúkọ rẹ̀. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní orúkọ níbẹ̀: opó lágbájá, afọ́jú, àlejò tí ó ti ilẹ̀ Róòmù wá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pín in. Inú àwa dùn nígbà tí a kà á, a kò ní í purọ́. Bí ọba kan bá wà nínú ìwé yẹn, àwa kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n afọ́jú tí ó gba búrẹ́dì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwé rẹ̀ ṣì wà.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn aláìní pàápàá wà níbẹ̀. Ẹni tí kò tọrọ rí, tí ìyà wá sọ ọ́ di ẹni tí ń tọrọ, a máa kọ ọ́ pé òun kò "ṣí ojú" òun fún ẹnikẹ́ni rí. Àwa Yorùbá kò nílò ìtumọ̀ lórí èyí. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ni ìtìjú ń tì, àwọn bàbá wa sì ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Nítorí náà ni àwọn Júù fi ṣe òfin méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Èkíní ni pé ènìyàn méjì ni kí ó gba owó àpótí aláìní, ènìyàn mẹ́ta ni kí ó pín in. Kò sí ẹnìkan tí ó lè dá a ṣe, ẹni tó wù kí ó jẹ́. Èkejì ni pé kí a fi ojú aláìní pamọ́. Wọ́n ní nínú Tẹ́ḿpìlì ìgbà láéláé yàrá kan wà tí àwọn tí ó ní ń wọ̀ lọ fi owó síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ọmọ ilé rere tí nǹkan ti bàjẹ́ fún sì ń gbà níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ wo tiwa. A ó pe obìnrin jáde níwájú ìjọ, a ó gbé àpò ìrẹsì lé e lórí, fótò yóò máa kọ mànàmáná, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, títí dé ọ̀dọ̀ ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní kí àwọn olùfisílẹ̀ lè rí i pé owó wọn kò ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú obìnrin náà ni rísíìtì. Rísíìtì ni rísíìtì. Ènìyàn mẹ́ta tí ó fọwọ́ sí ìwé tó fún ẹ̀rí. Kí a ka iye owó tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ, kí orúkọ wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwọn ọ̀lẹ yóò sọ ọ́ di oúnjẹ òòjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀lẹ wà. Àwọn Júù náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá nílé, ìyẹn ti ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ gba nínú àpótí ọ̀sẹ̀. Ẹ wò ó, ìwọ̀n nìyẹn, ìkòkò ni wọ́n wò, wọn kò wo ìwà. Nínú ìrírí tiwa, ẹni tí ó ń gbà láìyẹ kò pọ̀ tó ẹni tí ó yẹ kí ó gbà tí kò jẹ́ sọ. Ẹni àkọ́kọ́ ń pariwo, a sì ń rò pé òun nìkan ni ó wà.

Àwọn mìíràn ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí a tọ́jú ọmọ ìjọ kí a tó wo ará ìta. Èyí ni ó ṣòro jù lójú àwa, nítorí òtítọ́ wà níbẹ̀. Bí àpò bá kéré, ibì kan ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí Fustat lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí àwọn olè ojú omi bá kó àwọn Júù ilẹ̀ mìíràn dé Alẹksáńdíríà, dínárì 100 fún ènìyàn mẹ́ta ni iye tí wọ́n sábà ń dá lé wọn, àwọn ìjọ Íjíbítì a sì máa dá owó jọ láti rà wọ́n padà, àwọn ènìyàn tí wọn kò rí rí, tí èdè wọn pàápàá kò yé wọn. Àwa náà tí a ń gbé láàárín ajínigbé nílẹ̀ yìí mọ ohun tí owó ìràpadà ń ṣe fún ìdílé. Wọn kò dúró kí aláìní ilé tán kí wọ́n tó ra ẹrú ìta, nítorí aláìní ilé kì í tán. Ní Ikate yìí, àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ń yọ sàká, wọ́n ń ṣe sàráà, abọ́ wọn a sì máa dé ọ̀dọ̀ àwa náà nígbà ọdún. Obìnrin elébà ọdún 1990 kò béèrè ìjọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sún mọ́ ọkàn wa jù. Moses Maimonides, tí ó jẹ́ àgbà fún àwọn Júù ní Fustat kan náà títí ó fi kú ní ọdún 1204, ka àkàsọ̀ mẹ́jọ ìtọrẹ. Èyí tí ó fi sí òkè pátápátá kì í ṣe oúnjẹ rárá. Kí o fún ẹni tí ó fẹ́ ṣubú ní ẹ̀bùn, tàbí kí o yá a lówó, tàbí kí o bá a dá òwò pọ̀, tàbí kí o wá iṣẹ́ fún un, kí ó má baà tọrọ mọ́. Ṣé ẹ rí àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù lóde òní? Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní í pé tí èlé ti gorí owó, bí ènìyàn kò bá sì rí san, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, pé olè ni. Ọmọ ìjọ wa tí ó wọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Owó tí ó lọ yá kò tó iye tí a ń fi ra kéèkì àjọ̀dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ẹ̀rọ ìlọta kan, owó ọjà díẹ̀ láìsí èlé, tí yóò dá padà díẹ̀díẹ̀ sínú àpótí kan náà kí ẹlòmíràn lè gbà á: èyí kò kọjá agbára ìjọ tí ó lè yá ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nítorí náà, ohun tí àwa yóò gbé síwájú kọmití kò pọ̀. Kí a má fi ìwé owó oṣooṣù yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Kí ènìyàn méjì máa ṣí àpótí, kí mẹ́ta máa pín, kí obìnrin má dín ní méjì nínú àwọn mẹ́ta, nítorí àwọn ni ó mọ ilé tí iná kò tan. Kí ìdá kan nínú àpótí wà fún owó yíyá láìsí èlé. Kí fótò dópin. Lórí bóyá àwọn ayẹ̀wé-owó-wò gbọ́dọ̀ rí orúkọ tàbí iye owó nìkan, àwa àti Bàbá Ìjọ kò tíì fẹnu kò; àwa ní iye owó tó, wọ́n ní kò tó.

Ìpàdé náà yóò wáyé ní Sátidé kejì lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn kékeré tí ó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Gbogbo ọmọ ìjọ ni a pè, ẹni tí ó ń sanwó àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣófo. Kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ mú un wá.